Ampilifáyà onífáàfù kan tí ohùn rẹ̀ ń ha: ohun tí a yọ, ohun tí a fi sí i, àti ohun tí a kò fọwọ́ kàn

Ẹ̀gbọ́n tó ni ampilifáyà yìí máa ń ta gìtá lẹ́yìn akọrin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí kọ́ọ̀dù máa lọ geere lábẹ́ ohùn ẹni tó ń kọrin, kó má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kó má sì pòórá. Ampilifáyà rẹ̀ kò gbà fún un mọ́. Bó bá ti yí fólúùmù kọjá 3, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, àwọn okùn tó nípọn á máa dún bùù, wọ́n á sì bo àwọn tín-ín-rín mọ́lẹ̀. Bó bá dín in kù, ohùn náà á mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣú, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ tó nípọn.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tó gbé e dé ni mo kọ sórí pátákó iṣẹ́ mi, nítorí òun ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà: "Àbúrò, mi ò ní kó pariwo ju báyìí lọ. Tí mo bá ta kọ́ọ̀dù, mo fẹ́ máa gbọ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Ó ti gba ìmọ̀ràn káàkiri kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnì kan ní kó pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń kó iná pamọ́) inú rẹ̀ pátá. Òmíràn ní kó yọ fáàfù, ìyẹn ìgò oníná, tó ń sọ iná AC (tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC (tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo), kó fi èyí tó lágbára jù ú lọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kó tà á, kó ra tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká má sì tíì sọ̀rọ̀ àtúnṣe ohùn títí a ó fi mọ̀ bóyá ohùn ampilifáyà náà gan-an ló ń gbọ́, àbí àìsàn rẹ̀. Èrò mi kí n tó ṣí i nìyẹn, òun náà ni mo sì dì mú dópin: ohùn tó mọ́ kì í ṣe ohun tí à ń dà sínú ampilifáyà. Ohun tó ń dọ̀tí ohùn là ń wá kiri, tí à ń yọ díẹ̀díẹ̀, ká sì mọ ibi tó yẹ ká dúró.

Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ṣe é. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí àbùkù tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tiwọn, ọjọ́ orí ló fà á. Ẹni tó bá mọ Fender Deluxe ti ìparí àwọn ọdún 1950, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pe sákíìtì rẹ̀ ní 5E3, á mọ bí wọ́n ṣe to èyí náà. Fáàfù 5Y3 kan ló ń sọ iná AC di DC. Fáàfù kékeré méjì ló ń gbé ohùn gìtá sókè. Ti àkọ́kọ́ ló ń gba ohùn lọ́wọ́ gìtá. Ìdajì fáàfù kejì á tún gbé e sókè, ìdajì tó kù á sì pín in sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan máa gòkè nígbà tí èkejì bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì wọ inú 6V6 méjì, àwọn alágbára, tí àwọn fúnra wọn ń ti tiransifọ́mà tó ń darí sípíkà íńṣì 12. Gbogbo agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 12 sí 15 lọ. Kò sì sí wáyà kankan tó ń mú ohùn láti ẹnu sípíkà padà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Kí n tó tan iná sí i rárá, mo kọ́kọ́ wo ibi tí iná ti ń wọlé. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kò sí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Kapásítọ̀ kan sì wà láàárín wáyà iná àti ara ṣáásì, irin tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láyé ìgbà yẹn kí ìkùn lè dín kù. Bí kapásítọ̀ yẹn bá já sínú ara rẹ̀, gbogbo irin ampilifáyà náà di iná nìyẹn, títí dé orí okùn gìtá tí ọwọ́ ẹni ń tẹ̀, títí dé ètè ẹni tó bá fẹnu kan máíkì. Mo gé e kúrò, mo fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo fi ìdè ẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣáásì pẹ̀lú bóòtù tirẹ̀, mo sì fi fíúsì tó bá ìwọ̀n inú ìwé rẹ̀ mu síbẹ̀. Ìyẹn ò kan ohùn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé mo kọ́kọ́ ṣe é, mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà so gìtá mọ́ ọn níwájú mi.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, iná ò tíì tán nínú ẹ̀. Àwọn kapásítọ̀ ńlá ibẹ̀ lè di fóòtì tó lé ní 300 mú fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn sì tó láti pa èèyàn. Rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dí iná lọ́wọ́) óòmù 10,000 tó jẹ́ wáàtì 5 ni mo máa ń lò láti fa iná yẹn tán, mo ti fi rọ́bà bo ara rẹ̀, mo fi èèkù onígi kan gbé e. Màá fi kan kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ṣáásì, màá kà dé márùn-ún, lẹ́yìn náà màá fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ mi tó wọlé. Bí mo bá sì ní láti wọn nǹkan nígbà tí iná wà níbẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, èkejì wà lẹ́yìn mi.

Mo wá tan án. Mo ta okùn kan ṣoṣo lókè lọ́hùn-ún, mo sì tẹ́tí. Ohùn kejì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹlẹ̀, kò bá ohùn tí mo ta mu rárá, bí mo bá sì gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé. Kapásítọ̀ ńlá tó yẹ kó sọ iná di pẹrẹsẹ ló ti gbẹ. Iná tó wá láti ara 5Y3 máa ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì iye tí iná ògiri ń gbọ̀n, ìyẹn 100 Hz (ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) níbi tí iná ti jẹ́ 50, tàbí 120 níbi tó ti jẹ́ 60. Bí kapásítọ̀ bá ti gbẹ, ìgbọ̀n yẹn á wọ inú ohùn gìtá, wọ́n á jọ bí ohùn mìíràn tẹ́nikẹ́ni ò ta. Kò sí bí kọ́ọ̀dù ṣe lè mọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, torí okùn mẹ́fà ló ń ta, ampilifáyà sì ń fi àwọn òkú ohùn tirẹ̀ kún un. Mẹ́ta ni irú kapásítọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀; mo pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 16 maikirofárádì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é, mi ò fi kún un. 5Y3 kò fẹ́ràn kí kapásítọ̀ àkọ́kọ́ tóbi jù, torí òun ló máa ń ru ẹrù yẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá tan iná.

Àìsàn kejì farapamọ́. Lórí rẹsísítọ̀ óòmù 250 tí 6V6 méjèèjì jọ ń lò lábẹ́ kátódì wọn, ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ nínú fáàfù, mo bá fóòtì 24. Ẹ pín 24 sí 250: mílíámpù 96 ni fún àwọn méjèèjì. Ó ti pọ̀ jù. Mo yọ àwọn 6V6 náà, mo tún tan iná, mo wọn ẹsẹ̀ 5 nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ yẹn ni gírídì, ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ fáàfù, kò sì yẹ kí fóòtì DC kankan wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ òdo. Èkejì jẹ́ 4. Kapásítọ̀ 0.1 maikirofárádì tó ń gbé ohùn wá síbẹ̀ ti ń jò. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó so mọ́ pílétì (ibi tí iná ń rìn dé láti kátódì) fáàfù tó ń pín ohùn ni, níbi tí fóòtì ti ga. Èkejì tó so mọ́ kátódì rẹ̀ kì í rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Fóòtì 4 yẹn ló ń ti 6V6 kan kó máa fa iná ju ìkejì rẹ̀ lọ. Méjì tó yẹ kó máa fà, kó máa tì ní ìbámu, ọ̀kan ti ń sáré, ọ̀kan ń rìn. Ohùn á ha kí fólúùmù tó dé ibì kankan.

Mo pààrọ̀ méjèèjì. Fóòtì tó wà lórí óòmù 250 sọ̀ sí 19.5, ìyẹn mílíámpù 78. Fóòtì tó ń lọ sí pílétì wọn gòkè sí 345. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, tí mo yọ ìwọ̀nba tí gírídì kejì inú fáàfù kọ̀ọ̀kan ń jẹ, 6V6 kọ̀ọ̀kan ń jó díẹ̀ tí kò pé wáàtì 12. Wáàtì 12 sì ni òpin tí ìwé rẹ̀ sọ. Ó wà létí òpin, ṣùgbọ́n kò kọjá rẹ̀. Ẹ rántí nọ́ńbà yìí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà padà wá ta gìtá sí i, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dà bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé." Mi ò tíì yí nǹkan kan padà nínú bí wọ́n ṣe ṣe ampilifáyà náà. Ohun tí ẹni tó kọ́ ọ gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé ampilifáyà àtijọ́ wọn kiri ni ì bá dúró síbí yìí tí wọ́n bá kọ́kọ́ wò ó sàn.

Àmọ́ kò tíì tó o. Ní 4, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Okùn E tó nípọn jù ṣì ń da ojú rú fún àwọn yòókù.

Ìgbà yìí ni mo wá padà sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri inú àpótí. Ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ń ya, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: fáàfù àkọ́kọ́, 12AY7. Ohun tí mo bá nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni 12AX7. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, iná wọn bára mu, ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láì fọwọ́ kan wáyà. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, 12AX7 ń gbé ohùn sí ìlọ́po 100, 12AY7 sí 44. Nínú sákíìtì yìí gan-an, ẹni tó bá yọ AX tó fi AY síbẹ̀ á rí i pé ohùn tó ń jáde níbẹ̀ dín kù sí bíi ìdajì ó lé díẹ̀. Ẹnì kan ló ti fi AX síbẹ̀ nígbà kan rí kó lè máa ha kíákíá, ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo dá 12AY7 padà. Láì jó lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà kankan, ohùn mọ́ dé 5. Bí ẹnìkan bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí òun lè ṣe sí irú ampilifáyà yìí nílé, tí kò ní ṣí ṣáásì, tí kò ní fara kan iná, èyí ni màá sọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan okùn E yẹn. Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń mú wá ni pé ká dín kapásítọ̀ tó wà láàárín fáàfù àkọ́kọ́ àti fólúùmù kù, láti 0.1 sí 0.022, pé ìyẹn á gé béèsì. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Fólúùmù ibẹ̀ jẹ́ óòmù mílíọ̀nù kan, bí wọ́n sì ṣe so ó níhìn-ín, gbogbo mílíọ̀nù yẹn ni kapásítọ̀ ń rí níwájú. Pẹ̀lú 0.1, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ni nǹkan bíi 1.6 Hz. Pẹ̀lú 0.022, nǹkan bíi 7 Hz. Okùn E tó rẹlẹ̀ jù lórí gìtá jẹ́ 82 Hz. Kò sí ohun tí ìyàtọ̀ láàárín 1.6 àti 7 fẹ́ ṣe sí 82. Nínú sákíìtì tí wọ́n ti so fólúùmù lọ́nà mìíràn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí, ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ tó sọ pé òun gbọ́ ìyàtọ̀, ìdùnnú iṣẹ́ ló gbọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Ibi tó yẹ ní fífọwọ́kàn ni abẹ́ kátódì ìpele kejì, ìdajì fáàfù tó ń gbé ohùn sókè kí wọ́n tó pín in. Rẹsísítọ̀ óòmù 1,500 wà níbẹ̀ pẹ̀lú kapásítọ̀ 25 maikirofárádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kapásítọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí gbogbo ohùn, béèsì àti tírẹ́bù, rí agbára kan náà gbà. Bí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré, ohùn òkè á ṣì rí agbára rẹ̀ gbà, ti ìsàlẹ̀ ò ní rí i. Mo fi 0.68 síbẹ̀. Láti nǹkan bíi 300 Hz lọ sísàlẹ̀, agbára bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ó sì ti fi bíi dB 5 tàbí 6 (dB ni ìwọ̀n ìpariwo ohùn) dín nígbà tó bá fi máa dé ẹsẹ̀ okùn E. Nítorí pé ibẹ̀ wà ṣáájú fáàfù tó ń pín ohùn, béèsì kì í dé ibẹ̀ mọ́ pẹ̀lú èjìká láti máa ti àwọn yòókù dànù. Fáàfù tó ń pín ohùn nínú irú ampilifáyà yìí kì í rọra ha nígbà tí wọ́n bá tì í kọjá agbára rẹ̀, á kàn dún kíkan, kíkan. Béèsì ló sì máa ń kọ́kọ́ tì í débẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo kọ́kọ́ jó mọ́ ọn, kí ẹ̀gbọ́n náà lè gbọ́ 25 àti 0.68 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì ta kọ́ọ̀dù kejì tán tó fi nawọ́ sí èyí tó kéré.

Ó béèrè fún kí ohùn dún gooro sí i. Mo fi kapásítọ̀ kékeré kan gùn fólúùmù, láti ibi tí ohùn ti ń wọlé sí ibi tó ti ń jáde, kí tírẹ́bù lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nígbà tí fólúùmù bá rẹlẹ̀. 500 pikofárádì ni mo kọ́kọ́ lò, mo sì ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ní fólúùmù 2, ohùn náà mú bí abẹ́rẹ́, gbogbo bí ìka ṣe ń fọ́ ara okùn ló ń jáde. Ní 6, kò sí ohun tó ń ṣe rárá, torí bí fólúùmù bá ti ga, kò sí ohun tí kapásítọ̀ náà ń gbà kọjá mọ́. Mo dín in kù sí 120. Ó fara mọ́ ọn. Ẹ má tíì gbàgbé kapásítọ̀ yìí.

Wáyà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló kù. Ní ọdún 1927, Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Bell Labs, ibi ìwádìí àwọn onítẹlifóònù, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e kọjá odò Hudson lọ sí ibi iṣẹ́, nígbà tí ohun tó ti ń wá fún ọdún mélòó kan wọ orí rẹ̀. Ó ya á sórí ojú ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó wá nǹkan ṣe sí bí àwọn ampilifáyà orí wáyà tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn ṣe ń ba ohùn jẹ́. Ohun tó rí ni pé bí a bá mú díẹ̀ lára ohun tó jáde, tí a dá a padà sí iwájú ní ìdàkejì, ampilifáyà á máa gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀, á sì máa tún un ṣe. Ó ní láti fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí ní àkókò tí mo ń kọ́ṣẹ́, inú mi dùn débi pé mo kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Inú mi ṣì ń dùn sí i.

Ampilifáyà ti ẹ̀gbọ́n náà kò ní irú rẹ̀. Fender Princeton Reverb, tó jáde ní 1964, ní in, ìtò rẹ̀ láti ìpele yẹn lọ sì jọ tiwa: fáàfù kan tó ń gbé ohùn sókè, ọ̀kan tó ń pín in, 6V6 méjì. Rẹsísítọ̀ óòmù 47 ni wọ́n fi sí abẹ́ óòmù 1,500 yẹn, wọ́n sì fi óòmù 2,700 mú ohùn wá láti ẹnu sípíkà. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tan iná.

Ó ké. Kì í ṣe ìkùn, kì í ṣe ariwo, igbe ló ké, láì sí gìtá lára rẹ̀, sípíkà sì yọ síta tó fi dà bíi pé ó fẹ́ já. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn tí mo dá padà kò wá ní ìdàkejì, ó wá ní ọ̀nà kan náà, kàkà kó máa tún àṣìṣe ṣe, ó ń fi kún un láìdáwọ́ dúró. Kò rọrùn láti mọ̀ ṣáájú lára tiransifọ́mà tó ti gbó tí àmì rẹ̀ ti parẹ́. Mo da iná inú kapásítọ̀ nù, mo wá tú wáyà méjì tó lọ láti tiransifọ́mà sí pílétì àwọn 6V6, búlúù àti búráwùn, mo fi búlúù sí ipò búráwùn. Mo tún tan án. Kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà ta á, ó mọ́ ju gbogbo bó ṣe ń mọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ó yí ojú padà. "Ó mọ́ o, àbúrò, ṣùgbọ́n kì í mí mọ́." Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí ohùn tí à ń dá padà bá pọ̀, ampilifáyà á di sípíkà mú gan-in, kò ní jẹ́ kó fì díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò lórí okùn. Fún ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ìyẹn dára. Fún gìtá, ohun tó yẹ kó wà láyè ló ń pa.

Nítorí náà mo so rẹsísítọ̀ oníyíyí kan mọ́ òpin óòmù 2,700 náà, mo fi wáyà gígùn gbé e jáde sórí tábìlì. Ẹnu sípíkà ni wáyà yìí ti wá, fóòtì ibẹ̀ kò tó ohun tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan, n kì bá gbé e lé e lọ́wọ́ bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ta gìtá, kó máa yí i, kó má wo ohunkóhun, kó dúró níbi tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó di ojú rẹ̀. Kọ́ọ̀dù kan náà ló ń ta ṣáá, ó ń fi ọwọ́ kejì nawọ́ sí kókó náà láàárín, ó ń yí i bí ẹni ń wá ibùdó orí rédíò. Ó dúró. Mo wọ̀n ọ́n: 5,300. Mo yí i dànù, mo ní kó tún wá a. 5,900. Mo tún yí i dànù. 5,500. Ẹni tí kò rí nọ́ńbà kankan, tí etí rẹ̀ sì ń padà sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni yẹn mọ ohun tó ń wá. Rẹsísítọ̀ óòmù 5,600 wà nínú àpótí mi, òun ni mo fi lẹ́ẹ̀dì jó síbẹ̀.

Ó tún béèrè nípa ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un nípa 5Y3, pé kó fi GZ34, èyí tó lágbára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ẹsẹ̀ wọn bára mu. GZ34 kì í jẹ fóòtì tó bí 5Y3 ṣe ń jẹ ẹ́, fóòtì tó ń lọ sí 6V6 á sì gòkè gan-an, ohùn á mọ́ dé òkè díẹ̀ sí i. Àmọ́ àwọn 6V6 yẹn ti wà létí wáàtì 12 wọn tẹ́lẹ̀. Bí mo bá gbé fóòtì sókè láì tún nǹkan mìíràn ṣe, inú ọdún kan ni pílétì wọn á fi máa pọ́n. Mo sọ fún un pé mi ò ní ṣe é. Mi ò sì ní yọ rẹsísítọ̀ abẹ́ kátódì tó ń dín iná 6V6 kù, kí n fi fóòtì òdì láti ibòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń fi agbára kún un, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ní láti lu ihò sára ṣáásì tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 60 ọdún, ohun tí a sì ń wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó gbà.

Sípíkà la fi parí rẹ̀, bóyá òun gan-an ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ gbé wò. Mo ní ọ̀kan tó jẹ́ íńṣì 12 náà, óòmù 8 náà, tí mítà ohùn mi fi hàn pé ó fi dB 3 pariwo ju ti inú àpótí lọ lórí iná kan náà. dB 3 kò jọ nǹkan kan lẹ́nu, àmọ́ kí ampilifáyà tó lè fún yín ní dB 3 fúnra rẹ̀, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Wáàtì 15 tó ń ṣe bíi 30, láì jó lẹ́ẹ̀dì kankan. A gbé e sínú àpótí náà. Ẹ̀gbọ́n náà wá lè ta gìtá ní 4 pẹ̀lú ariwo tó ń béèrè 6 tẹ́lẹ̀, ní ibi tí ohun gbogbo ṣì mọ́ gaara.

Sípíkà tuntun yìí tún ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lókè. Pẹ̀lú kapásítọ̀ 120 tó wà lórí fólúùmù, ó ti pọ̀ jù. Okùn àkọ́kọ́ ń gún etí. Mo wá gé kapásítọ̀ náà kúrò. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi sínú ampilifáyà yìí nítorí kí ohùn lè dún gooro ni mo yọ jáde nígbà tó yá, ohùn náà sì ń dún gooro síbẹ̀.

Ó ta kọ́ọ̀dù kan pẹ̀lú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jẹ́ kó dún títí ó fi kú. Mo ka wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mẹ́fà ni.

Gbogbo ohun tí mo yọ ló wà nínú ọ̀rá kan tí mo dè mọ́ inú àpótí rẹ̀: kapásítọ̀ 25 náà, àwọn 0.1 tó ń jò tí mo kọ "má lò" sí lára, àti kapásítọ̀ 120. Sípíkà àtijọ́ wà nínú páálí tirẹ̀. Mo kọ ohun tí mo ṣe sórí ìwé kan, pẹ̀lú fóòtì tí mo bá níbi kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé àtijọ́ yẹn, kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi má bàa máa méfò. Lẹ́yìn oṣù kan ó gbé e padà wá fún àyẹ̀wò: 19.6 lórí óòmù 250, òdo ní ẹsẹ̀ 5 méjèèjì.

Mo fẹ́ mú 12AX7 tí mo yọ sọ́dọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, torí ó ṣì dára. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun dì í mọ́ inú ọ̀rá yẹn. Ọjọ́ kan lè dé tí òun á tún fẹ́ kí gìtá náà ha.